Ẹ̀rọ Tí Kò Ní Jó Gbémisọ́lá

Òkè ńlá náà ń jó lára ògiri.

Òkè tútù ni tẹ́lẹ̀. Yìnyín bò ó láti ṣóńṣó dé ìdí, ó funfun báláú, ojú ọ̀run aláwọ̀ aró sì tẹ́ rẹrẹ lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù Philemon tó ń ta ẹrù tòkúnbọ̀ lẹ́yìn ọjà Òkìtìpupa. Ó ṣì ń ya Mọ̀dínátù lẹ́nu pé irú òkè bẹ́ẹ̀ lè wọ inú ṣọ́ọ̀bù tí èèyàn kò ti lè na ẹsẹ̀, nígbà tí àárín yìnyín náà ṣàdédé pọ́n. Ó pọ́n, ó ṣókùnkùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hó bí epo inú agbada, ihò dúdú kan sì là láàárín rẹ̀, ihò náà ń fẹ̀ sí i. Òórùn ọ̀rá tó ń jó gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù.

"Philemon! Pa á! Mo ní kí o pa á!"

Philemon fa wáyà yọ. Òkè parẹ́. Òkùnkùn díẹ̀ tí wọ́n fi tapólì dá sínú ṣọ́ọ̀bù ló kù, àti èéfín tín-ín-rín tó ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ. Mọ̀dínátù ti gbá báàgì rẹ̀ mọ́ àyà bí ẹni tí wọ́n fẹ́ já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀," ni Philemon wí, ó ń fi fìlà rẹ̀ lé èéfín. "Àwòrán òyìnbó lásán ni mo fi dán an wò. Òkè yẹn ṣì wà nílùú wọn."

"Èyí tó wà lọ́wọ́ mi, kò sí ní ìlú kankan mọ́."

Philemon rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní fáànù inú ẹ̀rọ náà ló kú. Gílóòbù tó bá lágbára tó bẹ́ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ní fáànù tí yóò máa fẹ́ ooru dànù lẹ́yìn rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, fíìmù a máa sè. "Ṣùgbọ́n ẹ rí iná rẹ̀! Ẹ sọ òtítọ́, Màmá, ṣé ẹ ti rí irú iná bẹ́ẹ̀ rí?"

Mọ̀dínátù kò rí irú rẹ̀ rí. Ìyẹn gan-an ló ń bà á lẹ́rù.

Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tó wà nínú báàgì, nítorí òun ló gbé obìnrin aránṣọ yìí kúrò nídìí máṣíìnì rẹ̀ lọ́jọ́ tí àwọn oníbàárà ń retí aṣọ. Fíìmù kan ṣoṣo ni, kò ju sítáǹbù méjì lọ, wọ́n fi páálí pẹlẹbẹ ká a létí bíi férémù. Bí èèyàn bá gbé e sókè sí oòrùn, yóò rí obìnrin mẹ́rin tí wọ́n tò sórí ìlà, orí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò ju hóró ìrẹsì lọ. Ọ̀kan nínú wọn ni Gbémisọ́lá. Gbémisọ́lá ni ìyá Mọ̀dínátù, ọjọ́ tó bí i ló sì kú.

Mọ̀dínátù kò mọ ojú rẹ̀. Kò sí fọ́tò kankan. Ohun tó mọ̀ jù nípa ìyá rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kan tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ jù lù ú nígbà tó wà ní kékeré, nítorí ìkòkò tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀: "Ọmọ tó pa ìyá rẹ̀, ìkòkò ni kò ní pa?" Obìnrin náà ti kú, ìkòkò ti di àpáàdì, Mọ̀dínátù fúnra rẹ̀ ti ń lọ sí àádọ́ta ọdún, ó ti bímọ, ó ti tọ́mọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn kò jáde lára rẹ̀. Ẹyin lohùn lóòótọ́. Bó bá bọ́, kò ṣeé kó mọ́. Láti ìgbà náà ló ti ń wá ojú kan tí òun yóò wò, tí òun yóò fi lè sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

Ibi tí fíìmù náà ti jáde ni ẹ ó ṣe háà sí. Lókè ẹnu ọ̀nà yàrá Mùtàlíbù, bàbá rẹ̀, ní Àjàgbà, tírà aláwọ kan wà níbẹ̀ láti ìgbà tí Mọ̀dínátù ti gbọ́njú. Gbogbo ará ilé ló mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá ń lọ sí ìrìn àjò á fọwọ́ kàn án, á fi ọwọ́ náà pa iwájú orí, á wí pé "Bísímílà". Mọ̀dínátù fọwọ́ kàn án lọ́jọ́ tó ń lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, ó tún fọwọ́ kàn án lọ́jọ́ tí wọ́n ń mú un lọ sílé ọkọ. Eunice, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, tí í ṣe Aládùúrà pọ́ńbélé, kì í gba abẹ́ rẹ̀ kọjá láìpe ẹ̀jẹ̀ Jésù. Kódà ó ti da omi àdúrà sí i rí, tí Mùtàlíbù fi lé e dé títì. Lẹ́yìn tí bàbá kú, tí wọ́n ń pààrọ̀ páànù ilé, tírà já bọ́, awọ rẹ̀ ya. Wọ́n ń retí ìwé Lárúbáwá. Fíìmù ni wọ́n bá.

Àlùfáà Àbdùlláhì, ọ̀rẹ́ Mùtàlíbù tó ṣẹ́ kù, ló wá tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀. Òyìnbó kan ní oko ọ̀pẹ tí Mùtàlíbù ti ń wa ọkọ̀ ló ya àwọn obìnrin tó ń ṣa ẹyìn. Nígbà tó fi máa padà sílùú rẹ̀, Gbémisọ́lá ti kú, ló bá fi èyí lé Mùtàlíbù lọ́wọ́. Mùtàlíbù kò ní ẹ̀rọ tí yóò fi wò ó. Ó tún ń bẹ̀rù pé mọ̀láíkà kì í wọ ilé tí àwòrán èèyàn bá ti ń wo èèyàn lójú. Àmọ́ kò lè jù ú nù. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ rán an sínú awọ, ó gbé e kọ́ sókè ẹnu ọ̀nà, kó lè máa gba abẹ́ ìyàwó rẹ̀ kọjá láàárọ̀ àti lálẹ́. Àwọn ará ilé ló sọ ọ́ di tírà, òun náà kò sì sọ fún wọn pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Lá ìláhà ìlàlláhù! Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ọwọ́ Gbémisọ́lá ni wọ́n ti ń tọrọ àlọ ire àti àbọ̀ ire. Nígbà tí Àlùfáà sọ̀rọ̀ tán, Mọ̀dínátù jókòó sórí páànù àtijọ́ nínú àgbàlá.

Ẹnì kan ṣoṣo ló kù láyé tó lè nàka sí i pé èyí ni Gbémisọ́lá. Jẹ́jẹ́lọlá ni, ẹ̀gbọ́n olóògbé, ìyá Eunice, tó ń gbé ní Ìyànsàn. Ojú rẹ̀ kan ti fọ́, èkejì ń ṣú lọ díẹ̀díẹ̀. Dókítà ní iṣan tó wà lẹ́yìn ẹyinjú ló ń kú, pé kò sí iṣẹ́ abẹ tí yóò jí i. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, aṣọ ẹnu ọ̀nà ni ìyá kí pé, "Eunice, o ti dé?" Ohun tó bá kéré, kò rí i mọ́. Ohun tó bá tóbi, tí iná wà lára rẹ̀, ó ṣì ń rí i.

Wọ́n ti fi fóònù ya fíìmù náà. Ojú àwọn obìnrin yẹn dúdú bí ìdí ìkòkò. Onífọ́tò kan ní kí wọ́n jẹ́ kí òun fi ránṣẹ́ sí Èkó. "Kí n fi ìyá mi sínú àpòòwé, kí n gbé e fún dírẹ́bà?" ni Mọ̀dínátù bi í, ó sì mú un padà. Ìgbà náà ni ẹnìkan sọ fún un pé ẹ̀rọ kan wà tí ayé àtijọ́ ń lò, purojẹ́kítọ̀, tó ń gba irú fíìmù bẹ́ẹ̀ sínú, tó sì ń tan ojú èèyàn sára ògiri títí yóò fi tó ilẹ̀kùn. Wọ́n ní Philemon ní irú ẹ̀.

"Ó dáa, ẹ wo èyí," ni Philemon wí. Ó gbé nǹkan kékeré kan jáde, bí awò tí ọdẹ fi ń wo ọ̀nà jíjìn, tí wọ́n gé sí méjì. "Eléyìí kò ní ooru rárá. Ẹ ó ti fíìmù yín bọ ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ ó gbé e sójú, ẹ ó sì rí màmá yín kedere nísinsìnyí, lórí ìjókòó tí ẹ wà yìí."

Nísinsìnyí. Ọ̀rọ̀ náà gún un láyà. Ó gba nǹkan náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yọ fíìmù jáde nínú aṣọ tó fi wé e, ó tilẹ̀ tì í dé ẹnu ihò. Ṣùgbọ́n bó bá rí wọn tán, ta ni yóò sọ fún un èwo nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin? Yóò tún máa méfò ni, bó ṣe ń méfò láti ọjọ́ tó ti dáyé. Yóò mú èyí tó wù ú nínú wọn, yóò sọ ọ́ di ìyá. Ojú tó wà ní Ìyànsàn kò sì ní rí ohunkóhun nínú ihò tó tó bọ́tìnnì.

"Mi ò fẹ́ dá nìkan rí i," ló wí, ó sì dá nǹkan náà padà. "Kí ni ìyẹn tó wà lábẹ́ tábìlì?"

Philemon yínmú. "Ìyẹn? Màmá, arúgbó nìyẹn. Ilé ìwé kan tó kógbá sílé ni mo ti rà á. Iná rẹ̀ pọ́n bíi ti àtùpà, fáànù rẹ̀ sì ń pariwo bí ẹ̀rọ ìlọta."

"Ṣé ó ń fẹ́ ṣá?"

"Pẹ̀lú gbogbo ariwo yẹn, ó tún lè má fẹ́?"

Wọ́n gbé e jáde. Ẹ̀rọ náà burẹ́wà, kí á má parọ́; àwọ̀ eérú ni, eruku sì ti di ara fún un. Philemon ti àwòrán òyìnbó mìíràn sínú rẹ̀, ó tàn án, ajá kan sì yọ lára ògiri, ajá onírun lọ́pọ̀lọpọ̀ tó yọ ahọ́n síta. Iná rẹ̀ kò mọ́lẹ̀ tó ti àkọ́kọ́. Ó rí bí ìgbà tí oòrùn bá ń wọ̀ lẹ́yìn oko. Mọ̀dínátù gbé àtẹ́lẹwọ́ sí ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà, níbi tí wọ́n dá ihò wẹ́wẹ́ sí, afẹ́fẹ́ gbígbóná sì ń fẹ́ sí i lọ́wọ́, ó ń fẹ́, ó ń fẹ́, kò dáwọ́ dúró.

"Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," ló wí fún Philemon. "Mò ń lọ kírun Àílà."

"Màmá! Epo jẹnẹrétọ̀ mi lẹ fẹ́ fi kírun yìí o!"

"Ọlọ́run á fi kún un fún ẹ."

Kò sáré kírun. Ó kí i tán, ó tún jókòó ti tẹ̀sùbáà, ó jẹ́ kí Philemon máa kùn. Nígbà tó padà wọlé, ajá náà ṣì wà lára ògiri, ahọ́n rẹ̀ ṣì wà níta, iná kò rà á nírun kan. Philemon yọ fíìmù náà fún un. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí omi ìwẹ̀ ọmọ tuntun, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wá le. Bó bá gbé èyí tí iná rẹ̀ lágbára, ìyá Eunice yóò rí i, ṣùgbọ́n Gbémisọ́lá lè jó lójú gbogbo wọn. Bó bá gbé arúgbó yìí, Gbémisọ́lá kò ní jó, ṣùgbọ́n ìyá Eunice lè má rí i láéláé. Philemon ti rí i pé ó ń ṣiyè méjì.

"Kì í jó lẹ́ẹ̀kan náà," ló wí. "Òkè yẹn, ṣé ẹ ò rí i dáadáa kó tó jó ni? Ẹ kàn tàn án, kí ìyá tó wà ní Ìyànsàn wò ó wéré, kí ẹ pa á."

Mọ̀dínátù mú fíìmù òkè náà nílẹ̀, ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀ ìta wò. Ihò tó wà láàárín rẹ̀ gba orí ìka. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bà jẹ́, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ wọn kò sọ ohun tí èèyàn yóò ṣe bí àkókò kò bá gba ẹ̀sọ̀.

"Bá mi di arúgbó," ló wí.

"Afẹ́fẹ́ lẹ rà o, Màmá. Ẹ ò ra iná." Síbẹ̀, bó ṣe ń fi okùn dì í, Philemon sọ ohun kan tó ní làákàyè. "Bí ẹ bá wò ó tán, gílóòbù ni kí ẹ pa. Ẹ má tíì pa fáànù. Ẹ jẹ́ kó máa fẹ́ sí i títí yóò fi tutù, torí pé iná a máa kú, kí ooru rẹ̀ má tíì kú."

Nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Ìyànsàn, kò jẹ́ kí wọ́n gbé e sí búùtù. Orí itan rẹ̀ ló gbé e lé, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mú. Ọ̀pẹ ń sá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ọ̀pẹ tẹ̀ lé ọ̀pẹ, ó sì ń wò wọ́n bí ẹni tó fẹ́ bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀.

"Ìyá, kí lẹ gbé tí ẹ ṣìkẹ́ tó báyìí?" ni dírẹ́bà béèrè.

"Ìyá mi ni."

Dírẹ́bà wo ẹrù náà nínú dígí, ó wo ojú obìnrin náà, ó sì rọra ń wa ọkọ̀ títí wọ́n fi dé.

Eunice ti ṣe yàrá sílẹ̀. Ó ti fi kúbùsù dí gbogbo fèrèsé. Oòrùn ṣì ń ta níta, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti ṣú nínú ilé. Nítorí pé àwọ̀ ewé ni wọ́n fi kun ògiri, ó ti so okùn, ó sì fi sùtánà rẹ̀ kọ́ sórí rẹ̀, aṣọ funfun gbọ̀ọ̀rọ̀ tó ń wọ̀ lọ sílé àdúrà, ó na apá rẹ̀ méjèèjì, ó fi píìnì há a.

"Mo fọ̀ ọ́, mo lọ̀ ọ́, mo gbàdúrà sí i," ló wí. "Kò sí aṣọ tó funfun jù ú lọ ní Ìyànsàn."

"Ìwọ tó o da omi àdúrà lé tírà Bàbá lórí lọ́jọ́sí."

"Mọ̀dí, ṣé mo mọ̀ ni? Mo rò pé mò ń lé ẹ̀mí òkùnkùn, àṣé Àǹtí Gbémi ni mò ń wẹ̀!" Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, omi náà kò sì tètè dá.

Lórí ibùsùn, Jẹ́jẹ́lọlá jókòó, ó wé gèlè, bí ẹni tó ń retí àlejò pàtàkì. Wọn kò bá ara wọn sọ ọ́, ṣùgbọ́n Eunice bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ń wọ ilé àdúrà, Mọ̀dínátù bọ́ tirẹ̀ bí ẹni tó ń wọ mọ́ṣáláṣí. Eunice lọ tan jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn ilé. Mọ̀dínátù ṣe Bísímílà, ó ti fíìmù bọ inú ẹ̀rọ, fáànù bú ramúramù, ó tan gílóòbù.

"Jésù!" Eunice tó ń wọlé bọ̀ figbe ta. "Wọ́n ń fi orí rìn!"

"Àwọn wo ló ń fi orí rìn?" ni ìyá béèrè.

Obìnrin mẹ́rin forí sọlẹ̀ lára aṣọ funfun, wọ́n da ẹsẹ̀ sókè, ilẹ̀ pupa wà lókè orí wọn bí òrùlé. Òógùn bo Mọ̀dínátù. Ìgbà náà ló rántí pé Philemon dorí ajá kodò kó tó tì í sínú ẹ̀rọ. Òun rò pé àìbìkítà ni, kò sì bi í. Àṣé dígí ẹ̀rọ náà ń yí nǹkan padà ni; ohun tí a bá dorí rẹ̀ kodò fún un ni yóò gbé dúró. Ó pa iná, ó fi ìka méjì yọ fíìmù, ó yí i, ó tún tàn án.



Kò sí ẹni tó múra sílẹ̀ fún un. Àwọn obìnrin mẹ́rin dúró nínú yàrá, wọ́n ga ju Eunice lọ, òkìtì ẹyìn pupa wà lẹ́yìn wọn, òdòdó ara ìró wọn hàn, òógùn wà lọ́rùn ọ̀kan. Àwọ̀ wọn kò ṣá. Oòrùn tó ti wọ̀ kí wọ́n tó bí Mọ̀dínátù ń ràn nínú yàrá náà, ó ń ràn sí òun gan-an lápá. Ó wo apá rẹ̀, ó wo àwọn obìnrin náà. Ojú rẹ̀ sì ti lọ bá ọ̀kan láàárín, obìnrin gíga tó wé gèlè, tó wo iwájú bí ẹni tí kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Òun nìyẹn, ọkàn rẹ̀ wí. Irú ìyá tí èèyàn lè kúnlẹ̀ bẹ̀ nìyẹn.

"Ìyá, ẹ rí wọn?"

Jẹ́jẹ́lọlá na ọrùn síwájú. Ó yí orí sí ọ̀tún, ó yí i sí òsì. "Èéfín ni mo rí," ló wí. "Èéfín pupa."

Afẹ́fẹ́ lẹ rà, ẹ ò ra iná. Eunice ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà lábẹ́lẹ̀, ó sì dá a dúró láàárín. "Mọ̀dí, pe ọkùnrin yẹn. Kó gbé èyí tí iná rẹ̀ le wá. Ká tàn án lẹ́ẹ̀kan, kí ìyá rí i, ó tán."

"Ẹ pè é," ni ìyá wí. "Ojú tèmi yìí kò ní pẹ́ kú. Bí àwòrán náà bá máa jó, kó jó. Kí n ṣáà rí àbúrò mi."

Fóònù ti wà lọ́wọ́ Mọ̀dínátù. Ó ti rí nọ́ńbà Philemon. Ìka rẹ̀ wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ló ṣáájú ìka.

"Ìyá, wọ́n ní mo ti pa á lẹ́ẹ̀kan. Mi ò ní pa á lẹ́ẹ̀kejì."

Kò tíì sọ ọ́ síta rí, kò sọ ọ́ fún ọkọ, kò sọ ọ́ fún ọmọ. Ojú ti Mọ̀dínátù débi pé ó yí padà, ó di tábìlì tí ẹ̀rọ wà lórí rẹ̀ mú, ó wọ́ ọ, kó ṣáà lè rí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ yóò máa ṣe. Bí tábìlì ṣe sún mọ́ aṣọ funfun náà, àwọn obìnrin náà kéré sí i, wọ́n sì mọ́lẹ̀ sí i.

Ó dúró. Ó tún wọ́ ọ. Ojú wọn tún mọ́lẹ̀. Iná kan náà ni, kò lé, kò dín. Ibi tó ń tàn dé ló ń dín kù, bí epo tí kò kárí ìkòkò ńlá ṣe ń kún ìgò kékeré. Bó bá wá wọ́ ọ, àwòrán a rú. Á yí dígí iwájú ẹ̀rọ títí ojú wọn yóò tún fi là. Ó ń wọ́ ọ, ó ń yí i, títí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi wà ní àyà sùtánà, tí wọ́n ń tàn bí ìgbà tí ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́.

Ibùsùn dún. Jẹ́jẹ́lọlá ti dìde. Ó na ọwọ́ síwájú, ó gba ẹ̀gbẹ́ ògiri lọ, ó gbé ojú rẹ̀ kan tó kù súnmọ́ aṣọ náà títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án.

"Hàà," ló wí. "Hàà. Òkìtì ẹyìn rèé." Ó ń nàka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ará Ìrèlè lèyí, ó máa ń rẹ́rìn-ín sí ohun gbogbo. Èyí, ìyàwó Adébọ́lá. Èyí tó ga yìí..." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Èmi ni. Ẹ wò mí, ẹ̀yin ọmọ yìí. Èmi náà rẹwà rí."

Ẹni tí Mọ̀dínátù yàn, kì í ṣe ìyá rẹ̀. Ó ku ẹyọ kan, ní ìpẹ̀kun ìlà, ẹni tí Mọ̀dínátù kò tilẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì, torí ó ti rò pé ọmọ ẹnìkan ló tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ wá sóko.

Ọwọ́ arúgbó náà ti dé ibẹ̀. Ó fọwọ́ kan aṣọ, aṣọ sì mì, ojú ọmọbìnrin náà sì mì lára rẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀.

"Gbémi," ni Jẹ́jẹ́lọlá wí. "Gbémi mi." Ó kí i ní èdè Ìkálẹ̀ ilé wọn, jẹ́jẹ́, kíkí tí ẹ̀gbọ́n ń kí àbúrò tó pẹ́ níbi tó lọ. Ó pẹ́ kó tó yí orí padà. "Mọ̀dínátù, wá. Wá wo ẹni tí o ní o pa."

Mọ̀dínátù wá. Orí ọmọbìnrin náà kò ju èjìká àwọn yòókù lọ. Kò wọ bàtà. Aṣọ tó wọ̀ tóbi jù ú lọ, apá rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ìka rẹ̀. Oòrùn wà lójú rẹ̀, ó di ojú kan, ó ń fi eyín bu ètè bí ẹni tí wọ́n ní kó má rẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ kan di ìró ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú. Ọwọ́ kejì wà lórí ikùn rẹ̀.

"Aṣọ mi ló wọ̀," ni Jẹ́jẹ́lọlá wí. "Tirẹ̀ kò gba ikùn náà mọ́. Ìwọ lo wà lábẹ́ ọwọ́ yẹn. Kò tíì pé ọdún méjìdínlógún. Lójú ọ̀nà bí a ṣe ń lọ sílé lọ́jọ́ náà, ó bi mí pé, 'Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó máa ń dun èèyàn?' Mo parọ́ fún un. Mo ní kì í dunni."

Kifayat, àbíkẹ́yìn Mọ̀dínátù, tó wà ní yunifásítì, tó ṣì ń pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù láti bi í bí wọ́n ṣe ń se ìrẹsì, dàgbà ju ọmọbìnrin yìí lọ.

Mọ̀dínátù ti kó ọ̀rọ̀ jọ láti kékeré, ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀, ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń sọ fún àgbà lórí ìkúnlẹ̀. Ó wá a lẹ́nu, kò rí i. Kò sí àgbà tí yóò sọ ọ́ fún. Ọmọ méjì ló wà ní ìpẹ̀kun ìlà yẹn, ọ̀kan nínú ọ̀kan, ẹ̀rù ń ba èyí tó dúró, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ohun tó wá sí i lọ́kàn ni pé kó gbé omi fún un mu, kó bá a ká apá aṣọ yẹn sókè, kó fà á sún sí ibi tí òjìji wà.

Ara ẹ̀rọ ti ń gbóná. Ó gbé ọwọ́ lé e.

"Mọ̀dí, jọ̀ọ́, má tíì pa á," ni Eunice bẹ̀bẹ̀. "Jẹ́ ká tún wò ó sí i."

"Ó tó, Eunice. Oòrùn ti pa ọmọ yìí jù."

Ó pa gílóòbù. Ó fi fáànù sílẹ̀ kó máa fẹ́ sí i.